Agbẹ́jọ́ Ẹnì Kan Dá

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Olùjẹ́jọ́ ni àwọn lọ́yà sábà máa ń fi òwe yìí gbè, wọn ò sì jẹ̀bi. Òfin ní aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ títí ẹ̀bi yóò fi hàn, bẹ́ẹ̀ ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n Nàìjíríà ló ṣì ń retí ìdájọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tọrọ béèlì, ta ní ń bi ẹni tí wọ́n ṣe níbi léèrè?

Ẹ wo Àjàh l'Ékòó, ọjọ́ Kérésìmesì 2022. Inú ọkọ̀ ni Bọ́láńlé Raheem, lọ́yà, wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ tí ìbọn ọlọ́pàá fi bà á lábẹ́ afárá. Ó kú. Májísíréètì ní kí wọ́n fi ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pamọ́ sí ẹ̀wọ̀n Ìkòyí. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù gíga, àwọn ẹbí jẹ́rìí. Ọlọ́pàá ẹgbẹ́ olùjẹ́jọ́ náà jẹ́rìí. Ká ní wọ́n ti fún olùjẹ́jọ́ ní béèlì, tó padà sí àgọ́, tó tún gbé ìbọn kọ́ èjìká, ta ni yóò lanu?

Abala 162 òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, 2015, gba adájọ́ láyè láti kọ béèlì bí olùjẹ́jọ́ bá lè dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí. Àmọ́ àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí béèlì ti ń wáyé kí ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ni ìṣòro wà jù. “Béèlì ọ̀fẹ́ ni,” ògiri ibẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lówó ló ń jáde!

Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, nínú ẹ̀sùn ìwà ipá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n pa lára kí béèlì tó wáyé, kí wọ́n sì pè é lórí fóònù kí afurasí tó jáde.