Má Kúnlẹ̀, Ọmọ Mi

Bíbélì kíkà fún òní: 2 Kọ́ríńtì 1:3–7, Jẹ́nẹ́sísì 32:22–32, Hébérù 11:21

Ọpẹ́ ni Pọ́ọ̀lù fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì tó kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tù ú nínú nígbà ìpọ́njú, ó sì sọ ìdí tí ìtùnú náà fi dé: kí òun náà lè rí nǹkan fi tu ẹlòmíràn tó wà nínú ìnira nínú. Mo fẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lónìí pẹ̀lú ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é tipẹ́, tí ẹ ti ń lọ sọ́jà láìsí ọ̀pá. Ẹ̀yin tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí gan-an ni Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Ẹni tí làkúrègbé ti jẹ oríkèé itan rẹ̀ mọ bí òru ṣe ń gùn tó. Lọ́dọ̀ wa, kì í sì í ṣe àgbàlagbà nìkan ló ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS wà nínú rẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tó ń bá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ rìn a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí egungun itan, egungun náà á kú, á sì rún. Ẹni tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún á wá máa tiro kiri. Ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn egungun, irú ti Igbóbì l'Ékòó tó ti wà láti ọdún 1945, ìyá àgbà àti ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú síra, kí wọ́n sì máa dúró de iṣẹ́ abẹ kan náà. Dókítà á gé orí egungun itan tó ti bàjẹ́ kúrò, á há ife tuntun sínú kòtò ìbàdí, á ki irin gbọọrọ bọ inú egungun itan, á sì fi orí roboto tuntun dé e. Nígbà tó bá fi máa tó wákàtí kan sí méjì, wọ́n ti ń rán an pa dà.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàdédé dára tó báyìí. Sir John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Wrightington ní Lancashire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló la ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tọ̀ títí dòní. Ike kan tí wọ́n ń pè ní Teflon ló kọ́kọ́ fi ṣe ife ìbàdí. Àwọn aláìsàn dìde, wọ́n rìn, inú wọn dùn. Àmọ́ láàárín ọdún mélòó kan, Teflon náà jẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe wọ́n ní jàǹbá, ó sì di dandan kí wọ́n tún wọn là. Nígbà tí Charnley rí ike mìíràn tó lágbára jù ú lọ, ó fi díẹ̀ sínú itan ara rẹ̀ kó lè mọ bí ara ṣe máa gbà á. Ní ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aláìsàn, ọ̀nà sì là. Mo máa ń rántí àwọn tí Teflon jẹ mọ́ lára yẹn nígbà tí mo bá ń dúpẹ́. Mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ìrora tiwọn ló dín tèmi kù, torí lára ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, ìbàdí tuntun ń lò ju ọdún 15 lọ.

Ṣùgbọ́n dókítà kì í bá ni sùn ní wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ dìde. Òógùn á bo iwájú orí, òòyì á máa kọ́ yín, irin wọ́kà á tutù lọ́wọ́, ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé á sì dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Wọ́kà ṣíwájú, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tó dá sì kẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré, ó ti rẹ èèyàn tẹnutẹnu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí èmi náà wà ní wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì màmá kan kọjú sí tèmi. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún, ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ tiwọn, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí wọ́n fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀. Ọmọbìnrin kan wá kí wọn. SS ni òun, kò tí ì pé ogójì ọdún, wọ́n sì ti pààrọ̀ ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Bó ṣe ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni màmá ń wò. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ orí ba.

“Ẹ kú ìnira, mà. Ẹ má bínú, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀.”

Màmá gbéra jókòó. “Má kúnlẹ̀, ọmọ mi. Má kúnlẹ̀ rárá. Wá, jẹ́ kí n rí i.”

Ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wọn, ó sún ìró rẹ̀ díẹ̀, àpá náà hàn, ó gùn, ó sì ń dán. Màmá fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ó ṣì ń dùn ẹ́?”

“Rárá, mà. Ìrora tó gbé mi wá síbí, mi ò bá a mọ́ nígbà tí mo jí. Ti ojú ọgbẹ́ ni mo bá, ìyẹn sì ń dín kù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì le, mà. Inú á máa bí yín, ẹ ó rò pé kò ní dáa mọ́. Tó bá dé, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.”

Kó tó lọ, màmá ti ní kí wọ́n bá òun gbé ẹ̀kọ wá.

Pásítọ̀ ti wá gbàdúrà fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àdúrà náà dára, èmi náà ṣe àmín sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tó fi àpá hàn wọ́n nírọ̀lẹ́ ni Ọlọ́run lò láti parí iṣẹ́ àárọ̀. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀, àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ojú àpá gan-an ni aláìsàn ń fẹ́ rí. Olúwa wa pàápàá, lẹ́yìn tó jíǹde, ojú àpá ọwọ́ àti ìhà rẹ̀ ló na sí Tọ́másì tí ọkàn rẹ̀ ń ṣiyèméjì.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yìí kì í sì í ṣe kékeré láàárín wa. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ojú á tì í láti kí àgbà lóòró. Orí àpótí la ti ń dáná, orí rẹ̀ la ti ń fọṣọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní ìbàdí tuntun kò gbọdọ̀ jókòó síbi tí orúnkún rẹ̀ á ti ga ju ìbàdí lọ, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣáláńgá tí à ń lósòó sí di èèwọ̀. Àga tìmùtìmù tó ń gbé èèyàn mì di èèwọ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ìjọ kúnlẹ̀ gbàdúrà, òun nìkan ló máa wà lóòró láàárín gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí á ní kí ẹ ṣe sùúrù. Ẹni tó ti ṣe é á ní kí ẹ pe káfíńtà kó gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti àga yín sókè kí ẹ tó lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹ bá ń sùn. Á ní tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ni kó kọ́kọ́ gòkè. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni kó ṣáájú. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni kí ọ̀pá wà. Bí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá wú tó ń ro, bí mímí bá ṣàdédé nira, bí omi bá ń tú lójú ọgbẹ́, á ní kí ẹ má dúró de ìpàdé àdúrà kankan, kí wọ́n tètè gbé yín pa dà sọ́dọ̀ dókítà. Mo ka gbogbo èyí mọ́ ìtùnú tí Pọ́ọ̀lù ń sọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá yín sílẹ̀, àlejò á kún ilé fọ́fọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, oníkálùkù á ti gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ilé á wá dákẹ́. Àsìkò yẹn ni kí fóònù dún, kó jẹ́ ẹni tó ti ṣe é ló ń pè. “Ibo lẹ rìn dé lónìí, mà?” “Mo dé ẹnu géètì.” “Ẹnu géètì kẹ̀! Ẹ kú iṣẹ́, mà!” Àwọn méjì tó ń sọ̀rọ̀ yìí nìkan ló mọ bí ẹnu géètì ṣe jìnnà tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí. Àwọn kan ń já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ aláìsàn níwájú ìjọ, wọ́n á ní kó sáré kí Ọlọ́run lè gba ògo. Ibi ni wọ́n ń ṣe. Bí egungun tuntun bá yọ kúrò nínú ife rẹ̀, dókítà ló máa dá a pa dà, aláìsàn ló sì máa jẹ ìrora náà. Ẹ jẹ́ ká wo Jákọ́bù. Ó jìjàkadì títí ilẹ̀ fi ń mọ́, oríkèé itan rẹ̀ yẹ̀, ó gba ìbùkún, ó sì ń tiro kúrò ní Pẹ́níẹ́lì, oòrùn là bá a lẹ́nu ìtiro náà. Nígbà tó pàdé Ísọ̀, Ísọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ló sáré wá dì mọ́ ọn. Nígbà tí Ísọ̀ ní kí àwọn jọ máa lọ, Jákọ́bù bẹ̀ ẹ́ pé kó máa níṣòó, òun á rọra máa bọ̀ bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé àti ti ẹran bá ṣe gbé e. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní Íjíbítì, nígbà tó ń súre fún àwọn ọmọ Jósẹ́fù tí ikú sì ti sún mọ́ ọn, ọ̀pá ló fara tì tó fi sin Ọlọ́run rẹ̀. Orí kọkànlá ìwé Hébérù, níbi tí a ti ka orúkọ àwọn akọni ìgbàgbọ́, ni wọ́n kọ ọ̀pá náà sí. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹnì kan wà nítòsí yín tó ń ka ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹ wá a rí. Ẹ mú ọ̀pá yín dání bí ẹ bá ṣì ń lò ó.

Àdúrà: Baba, bojú wo ẹni tí wọ́n máa ní kó dìde àkọ́kọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́la. Di apá rẹ̀ mú bó bá ti gbá wọ́kà mú. Fún dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń kọ́ ọ ní ìrìn ní sùúrù. Rán ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí sí i. Bó bá jẹ́ èmi lo fẹ́ rán, má jẹ́ kí n sùn gbàgbé wákàtí tí wọ́n ń gba àlejò. Ní orúkọ Jésù. Àmín.