Ṣé Kí Onígbàgbọ́ Lọ Wo Ọdún Ọ̀ṣun?

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń sún mọ́lé ni àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ungwan Boro máa ń bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Kristẹni lọ wo ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo?” Àwọn kan ń ṣe ìwádìí fún ilé-ìwé; àwọn mìíràn, Kaduna ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n kàn fẹ́ mọ ilẹ̀ baba wọn.

Mo ti lọ rí. Létí odò ni igbó náà wà, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Lọ́jọ́ àṣekágbá, Arugbá, wúńdíá láti ìdílé ọba, ru igbá láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí odò. Èrò wọ́ tẹ̀lé e: onílù, oníkámẹ́rà, àlejò láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọkàn mi kò kúrò lára wọn ni àwọn obìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání, tí wọ́n ń bu omi, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ.

Lójú tèmi, ìwòran kì í ṣe ìsìn. Pọ́ọ̀lù rìn káàkiri Áténì, ó wo ojúbọ wọn débi pé ó ka àkọlé tó wà lára ọ̀kan (Ìṣe 17). Inú rẹ̀ bàjẹ́, síbẹ̀ kò bú wọn. Ohun tó kà ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló kọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì láti jẹun nídìí tábìlì òrìṣà (1 Kọ́ríńtì 10). Ojú lè rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti tọrọ, tí ọwọ́ sì gbà, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá gbé àìní rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni pẹpẹ rẹ̀ wà.

Bí lílọ yín yóò bá sì fa ará tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrìṣà sílẹ̀ padà síbẹ̀, ẹ jókòó sílé. Ìfẹ́ ju òmìnira lọ.

Ẹni tó bá lọ, kó má ṣe lọ fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Àwa ará Kaduna mọ ohun tí àìmọ ara ẹni ń fà. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Kristẹni ti kó sí apá gúúsù ìlú, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì ti kó sí apá àríwá. Ọmọ lè dàgbà láìmọ bí ẹlòmíràn ṣe ń gbàdúrà, kí ó sì máa bẹ̀rù rẹ̀.

Àwọn obìnrin etí odò yẹn ńkọ́? Nígbà tí Hánà ń sunkún àìríbí nílé Olúwa, ọ̀mùtí ni Élì kọ́kọ́ pè é. Kí a tó dá ẹni tó lọ sí odò lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ wá, ta ni ì bá jókòó tì í?