Ta Ni Ó Jẹ Ọmọ Ní Gbèsè Ẹ̀kọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbà kọjá láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí àwọn òbí ìlú kan bá péjọ, tí wọ́n kọ ìwé, tí wọ́n sì yan àgbààgbà láti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ pé àwọn ń fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì tuntun ní agbègbè àwọn, kí ni a lè pe ohun tí wọ́n ń ṣe? Ṣé wọ́n ń tọrọ ni? Ṣé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ni? Tàbí wọ́n ń sin gbèsè?

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàrin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáradára. Ẹni tí ń tọrọ kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ó lọ bá; bí a bá fún un, yóò dúpẹ́, bí a kò bá fún un, yóò yí padà lọ sí ilé rẹ̀. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ gbà pé agbára wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì ń wá ojú àánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sin gbèsè kò wá ojú àánú ẹnikẹ́ni. Ní ayé àwọn baba wa, bí ajigbèsè bá ń fi ọ̀la dá ọ̀la, olówó a rán ológò sí i. Ológò a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a máa pariwo, a mú adìẹ tí ó bá rí nínú àgbàlá, a pa á jẹ, kò sì ní dìde títí àwọn ará ilé náà yóò fi wá owó náà jáde. Ìwà rẹ̀ kò dára lójú, èmi náà kò sì fẹ́ kí a tún sọ ọ́ di àṣà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ṣi ológò mú fún alágbe.

Nísisìyí, bí ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ìlú wa ń kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ó rí i pé èdè alágbe ni ó kún inú rẹ̀. A ń fi orí balẹ̀, a ń fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ, a ń ṣe ìlérí pé a kò ní gbàgbé oore náà láéláé. Mo fẹ́ béèrè bóyá èdè yẹn bá ọ̀ràn náà mu.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ti hàn gbangba. Odìgbó ni ó fún ìjọba ìbílẹ̀ náà ní orúkọ, ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ̀ ni ibùjókòó rẹ̀ wà, nítorí ọ̀nà ti sọ Ọ̀rẹ̀ di ńlá. Ẹni tí ó bá ń ti Èkó lọ sí Benin yóò gba ibẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ náà ni ọ̀nà Oǹdó ti yà. Ogun pàápàá mọ oríta náà: ní oṣù August 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé Ọ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni a sì ti dá wọn dúró. Lẹ́yìn ìlú, igbó ni. Igbó ìjọba tí a ń pè ní Oluwa wà ní agbègbè náà, àwọn àgbẹ̀ sì ti kọ́ abà sí inú àti àyíká rẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n ń gbin kòkó àti ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́. Nítorí náà irú ọmọ méjì ni ó wà níbẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún. Èkíní ni ọmọ ẹ̀bá títì, tí owó wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà: bọ́ọ̀sì ńláńlá dúró kí àwọn èrò jẹun, ọmọ náà sì gbé àtẹ omi àti ìpékeré sá tẹ̀lé e. Èkejì ni ọmọ abà, tí kò rí owó, tí kò sì rí ilé-ẹ̀kọ́, bí kò ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ tí òjò ń bàjẹ́. Ti èkíní rọrùn láti rí, àwọn èrò ọkọ̀ ń rí i lójoojúmọ́. Ti èkejì ni ó ń dá mi lójú pé a máa ń gbàgbé.

Àwọn kan yóò dáhùn pé kí àwọn òbí dá owó, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ṣe. Èsì yìí kì í ṣe èsì òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò tọkàntọkàn. Ní 1859 ni Ìjọ C.M.S. ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó pẹ̀lú ọmọkùnrin 6 péré, lábẹ́ Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí í ṣe ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 ọdún kí Abẹ́òkúta tó ní tirẹ̀ ní 1908. Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1913. Oǹdó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ọmọkùnrin ní 1919, Àlùfáà M. C. Adéyẹmí sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1943 ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀ffà dá girama sílẹ̀ fún ìlú wọn. Ní 1946 Ọ̀wọ̀ ní Imade College. Kò sí ìlú kan nínú wọn tí ó jókòó títí ẹlòmíràn yóò fi wá kọ́ ọ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dá owó náà kò mọ̀wé, ẹlòmíràn nínú wọn kò sì ní ọmọ kan tí yóò wọ ẹnu ọ̀nà ilé náà.

Òtítọ́ ni gbogbo èyí, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìtàn yìí pa àwọn òbí òde òní lẹ́nu mọ́ kò sọ ìtàn náà tán. Àwọn baba wa kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ tiwọn: ìlú àti ìjọ ni ó ń jókòó lé ọ̀ràn rẹ̀, wọ́n mọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Lẹ́yìn náà ìjọba wá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954. Ní 1955 wọ́n ju 800,000 lọ. Ẹ ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá parí, níbo ni wọn ó lọ? A dá ilé-ẹ̀kọ́ módà ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ láti gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn òbí wà lára girama, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í du tirẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ àti ìlú. Ní 1979 Olóyè Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ yóò jẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ kíyèsí i pé Ajáṣin yìí kan náà ni ó ti jẹ́ ọ̀gá Imade College láti 1947: ẹni tí ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ìlú dá sílẹ̀ ni ó wá di gómìnà tí ó ní kí òbí má sanwó mọ́.

Mo gbà pé ó ṣe ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti gba oko ríro mọ́ ọn. Kò lè di ọkọ́ náà mú, kí ó sì tún máa bi àgbẹ̀ léèrè ìdí tí koríko fi pọ̀.

Òfin tún mú ọ̀ràn náà le sí i. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ìjọba yóò sapá láti pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ti sẹ́kọ́ńdírì pẹ̀lú, nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ìwé òfin kan náà kò sì jẹ́ kí a fi apá yẹn pe ìjọba lẹ́jọ́. Ta ni yóò sọ pé àkókò náà ti tó? Ajigbèsè fúnra rẹ̀ ni. Ní 2004 ni a tún ṣe òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún 9, èyí tí í ṣe ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì. Òfin yìí pa á láṣẹ fún ìjọba kí ó pèsè ẹ̀kọ́ náà, ó sì pa á láṣẹ fún òbí kí ó rán ọmọ rẹ̀ lọ. Òbí tí ó bá kọ̀, a ó bá a wí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì ó lè san ₦2,000 tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Mo ka òfin náà sí òfin rere. Ṣùgbọ́n baba tí ó wà ní abà, tí ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì tí ó súnmọ́ ọn jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 12 lè rìn dé kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, irú ẹ̀bi wo ni a ó dá a? Bí a bá lè fi òfin mú òbí nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò lọ, ó yẹ kí ibi tí ọmọ yóò lọ ti wà ná. Nítorí náà, ní tèmi, àwọn òbí tí ń béèrè ilé-ẹ̀kọ́ kò tọrọ ohunkóhun. Gbèsè ni wọ́n ń sìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti fẹ́ kí n dákẹ́ nìyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kù kan àwọn òbí fúnra wọn. Gbèsè ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni a jẹ? Òbí kọ́ ni olówó. Ọmọ ni. Òbí dàbí ológò tí olówó rán níṣẹ́, ológò kò sì gbọdọ̀ gba owó tán kí ó fi sínú àpò ara rẹ̀. Mo ti rí òbí tí ó ń fi gbogbo agbára lọ sí ìpàdé títí ọmọ rẹ̀ fi gba ìwé ẹ̀rí, tí a kò sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò jalè, kò purọ́. Síbẹ̀ nǹkan kan wà nínú ìwà náà tí kò tọ́.

Àwọn àgbẹ̀ wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Nínú àárò, mo bá ọ ro tìrẹ lónìí, ìwọ yóò bá mi ro tèmi lọ́la, a sì ń ka ọjọ́ fún ara wa. Nínú ọ̀wẹ̀, ènìyàn bẹ àwọn ará àti àna, wọ́n wá ṣiṣẹ́, ó sì fún wọn ní oúnjẹ. Òbí tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí rò pé àárò ni ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbà tí ó kan òun ti kọjá, nítorí náà ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sí èjìká. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ kì í san án padà fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Ọmọ mìíràn, tí a kò tí ì bí, ni yóò san án fún. Àwọn àgbà tí ó sọ pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé kò sọ pé kí àgbà ṣẹ́kù fún ọmọ tirẹ̀ nìkan. Ọmọ tí ó bá wà nítòsí ni yóò ru igbá náà. Ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, òfin kan tí a ṣe ní 1696 pàṣẹ pé kí àwọn onílẹ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan pèsè ilé-ẹ̀kọ́ àti owó olùkọ́ fún ìjọ wọn. A kò bi onílẹ̀ bóyá ó ní ọmọ tàbí kò ní. Ilẹ̀ tí ó ní ni ó sọ ọ́ di ajigbèsè.

Nígbà tí a bá mọ̀ pé ọmọ ni olówó, ìjà kan tí í máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ yóò rọ̀, èyíinì ni ìjà ibi tí a ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí. Ìlú àgbà yóò ní òun ni ó lọ́jọ́ lórí. Ìlú títì yóò ní òun ni ó lérò. Àwọn méjèèjì ń fi ọlá wọn ìlú. Bí a bá fi ẹsẹ̀ ọmọ wọ̀n ọ́n ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kò ní bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú méjèèjì, pé ẹ̀yìn igbó, níbi tí kò sí olóyè kankan, ni ìwọ̀n náà yóò tọ́ka sí. Mi ò mọ iye àwọn ìlú tí yóò lè fara da ìyẹn.

Ti àwọn olùkọ́ ni mo fẹ́ fi kún un ní ṣókí. Ilé tí a kun lẹ́fun, tí a fi pátákó orúkọ síwájú rẹ̀, tí gómìnà wá ṣí pẹ̀lú ìlù, tí kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ ìṣirò nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, gbèsè rẹ̀ kò tí ì san. Kí ẹgbẹ́ òbí tí ó bá ń kọ ìwé má ṣe béèrè ilé nìkan. Kí wọ́n béèrè iye olùkọ́, kí wọ́n béèrè ibi tí olùkọ́ náà yóò gbé, nítorí olùkọ́ tí kò rí ilé gbé ní abúlé yóò padà sí ìlú ńlá kí ọdún tó yí po.

Kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú, kí wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ kan sí inú abà gbogbo, kí wọ́n ka àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ti onílẹ̀ àti ti àlejò, àwọn tí bàbá wọn kò gbọ́ rárá pé ìpàdé kan wà. Iye àwọn yẹn ni kí ó wà ní ìlà àkọ́kọ́ ìwé náà, kí orúkọ àwọn olóyè tó tẹ̀lé e.