Ṣé Ahun Ni Ẹni Tí Ó Fi Sinimá Rẹ̀ Pamọ́?

Àríyànjiyàn kan kì í tán láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń gba Ìyànà Ìbà kọjá: bí sinimá bá ti jáde ní gbọ̀ngàn, èé ṣe tí ẹni tí ó ni ín kì í jẹ́ kí a rà á lọ sílé lójú ẹsẹ̀? Àwọn kan ní ahun ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò dá a láre pátápátá.

Ẹni tí ó bá ti ní sinimá nílé kò ní san owó ìwọlé mọ́. Nítorí náà ni oníṣòwò ṣe ń kórè oko kan tán kí ó tó bọ́ sí èkejì. Disney gbé kàtúùnù Frozen jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Oṣù kẹta ọdún 2014 ni DVD rẹ̀ dé ọjà. Nílẹ̀ tiwa, The Figurine ti Kúnlé Afọláyan wọ gbọ̀ngàn ní 2009. Ó ju ọdún kan lọ kí DVD rẹ̀ tó jáde. Ìbẹ̀rù àwọn adàkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjà Alaba, tí kò jìnnà sí wa, ni ojúko títa fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún; ibẹ̀ náà ni òkìkí ẹ̀dà ayédèrú ti kàn.

Ẹni tí ó gbin iṣu ni ó ni ọjọ́ tí yóò wà á. Ẹni tí ó bá lọ wà á lóru, olè ni. Àìtètè wo sinimá kò sì pa ẹnikẹ́ni rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà. Ọdún 1937 ni Snow White jáde. Ọdún 1994 ni a tó tà á ní kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà kan rí, Disney a máa ta irú kàtúùnù bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a sì tún tì í mọ́lé kí ebi rẹ̀ lè pa ènìyàn. Èyí kì í ṣe ìkórè mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dúró fún ọdún mẹ́wàá kí ó sì tún jẹ́ ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni tálákà Okokomaiko tí owó gbọ̀ngàn ju agbára rẹ̀ lọ: ẹ̀dà tí a ń wò nílé nìkan ni ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ohun tí mo rí sí i ni pé kí olóko dúró, ṣùgbọ́n kí ó dá ọjọ́ fún wa, kí iye rẹ̀ má sì ga ju apá lọ. Ìbáà ṣe DVD, ìbáà ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, òfin kan náà ni. Bí ó bá ti ṣe èyí, tí àwa sì tún ra ẹ̀dà olè, kí a má pe ara wa ní ẹni tí ebi ń pa. Ọ̀kánjúwà ni wá.