Ìbọn Nínú Ilé: Ohun Tí Òfin Gbà Àti Ohun Tí Ó Yẹ

 

Ní ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, arákùnrin kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn olè ti fọ́ ilé aládùúgbò rẹ̀. Ó ní, "Sístà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá ra ìbọn sílé?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ní Chicago tí a ń gbé yìí, òfin ni ó ń dáhùn ìbéèrè yẹn tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1982, ìgbìmọ̀ ìlú ti fòfin de ìbọn ìléwọ́, àfi èyí tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí òfin náà tó dé. Olóògbé Otis McDonald, bàbá àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, wà lára àwọn tí ó pe ìlú lẹ́jọ́. Wọ́n ti fọ́ ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì fẹ́ ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá wọn láre. Adájọ́ 5 gbà, 4 kò gbà. Ní ọdún 2013, ìpínlẹ̀ Illinois tún gbà kí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ máa gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí inú bọ́ọ̀sì èrò.

Nítorí náà, ìpinnu ti kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ó ti dé ọwọ́ wa. Òfin lè sọ ohun tí a lè ṣe. Kò lè sọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe.

N kò lè bá Bàbá McDonald wí. Ẹni tí olè kò jà rí ni ara rẹ̀ máa ń yá láti wàásù sùúrù. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti di ọwọ́ ìyá kan mú lóru, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, yin ìbọn bàbá rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Olè kankan kò wọ ilé wọn. Ní Amẹ́ríkà yìí, ju ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa lọ́dọọdún ni ó fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ìbànújẹ́ ọmọdé sábà máa ń rọlẹ̀ bí a bá fún un ní àkókò. Ìbọn kì í fún ni ní àkókò.

Bàbá mi àgbà jẹ́ ọdẹ. Orí àjà ni ìbọn rẹ̀ máa ń wà, ẹ̀tù rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi í ṣeré, wọn a ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú rẹ̀ sí òun? Òfin Chicago náà kò jìnnà sí èyí: bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá lè dé ibi tí ìbọn wà, a gbọ́dọ̀ tì í pa, tàbí kí ó wà lára ẹni tí ó ni ín.

Èsì mi fún arákùnrin wa nìyí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ́ ṣọ́ aya àti ọmọ. Ṣùgbọ́n olè lè wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè má wá láéláé. Ojoojúmọ́ ni àwọn ará ilé yóò máa bá ìbọn náà gbé. Ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ wà níbẹ̀. Tọkọtaya tí ó ń jà wà níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àwọn wọ̀nyí ni kí á kọ́kọ́ rò, kí á tó ro olè.

Ní tèmi, n kò ní í ní in sílé. Ẹni tí yóò bá ní in, kí ó bá aya rẹ̀ sọ ọ́, kí ó tì í pa, kí ọta rẹ̀ wà níbòmíràn. Lọ́jọ́ tí ìbànújẹ́ bá sì wọlé, kí ó gbé e fún ẹni tí òfin fún láṣẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tijú láti béèrè bóyá ìbọn wà nílé tí ọmọ yín ń lọ sùn.

Kí Olúwa máa ṣọ́ àtiwọlé àti ìjáde wa. Àmín.