Ta Ló Ju Ta Lọ: Bassey ni àbí Tiger?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá wa lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní Dick Tiger ju Hogan Bassey lọ. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, gbọ́nu sọ́hùn-ún jàre! Bí wọ́n bá kó àwọn méjèèjì sínú ríǹgì, ìṣẹ́jú mélòó ni Bassey fẹ́ lò?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Kò kúkú parọ́. Ìsọ̀rí àwọn tí kò ju bíi kílò 57 lọ ni Bassey wà nígbà tó na Cherif Hamia ní Paris lọ́dún 1957, tó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé. Ìsọ̀rí bíi kílò 72 ni Tiger wà nígbà tó gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Gene Fullmer lọ́dún 1962. Ẹni tó bá ní kí àwọn méjèèjì bára wọn jà, ìpànìyàn ló fẹ́ wò, kì í ṣe eré ìdárayá.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹni tó lè nani ló juni lọ, kí la fẹ́ sọ nípa Tiger fúnra rẹ̀? Lọ́dún 1966, ó bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn tó wúwo jù ú lọ, ó sì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ José Torres. Nígbà tó di 1968, Bob Foster tó ga jù ú lọ fíìfíì gbá a lulẹ̀ ní ráùndì kẹrin. Ṣé akọni Tiger wá di ọ̀lẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni? Rárá o.

Àwọn kan á ní ká kàn rò ó pé Bassey tóbi tó Tiger. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí. Bí a bá fi kílò 15 kún ara Bassey, ẹlòmíì la dá sílẹ̀ yẹn. Lójú tèmi, ìbéèrè tó tọ́ ni pé: àwọn wo ló wà ní ìwọ̀n tìẹ, ṣé o sì kojú wọn?

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí torí mo rí ibi sá sí. Ilé ìwé olówó ni ọ̀rẹ́ mi yìí ti wá. Èmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò JAMB. Nígbà tí èsì jáde tí tirẹ̀ ta tèmi yọ, mo ní ìwọ̀n wa ò dọ́gba. Òótọ́ sì ni.

Àmọ́ Bassey ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Kò torí pé òun kéré kó wá káwọ́ gbera. Ó kọjá lọ sí Liverpool, ó ń wá àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, ó sì ń nà wọ́n. Ní kíláàsì wa, ọmọbìnrin kan wà tó máa ń ta búrẹ́dì láàárọ̀ kó tó wá gba lẹ́kíṣọ̀. Ìgbà mẹ́ta lòun náà ṣe JAMB. Èsì rẹ̀ ju tèmi lọ. Ìwọ̀n kan náà la wà o, ó sì nà mí.

Nítorí náà, mi ò ní sọ pé Tiger ju Bassey lọ, mi ò sì ní sọ pé kò jù ú. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa dá sí i. Àmọ́ kí kálukú kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n tirẹ̀ ná.