Àwọn Tí Sàró Jí

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024, ni Netflix gbé Aníkúlápó: Rise of the Spectre jáde. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́fíìsì wa l'Àgídìngbì. Àwa mẹ́fà la jọ ń kọ kóòdù nínú yàrá kan náà, kò sì sí ẹni tí kò tíì wo fíìmù àkọ́kọ́ nínú wa, èyí tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Eré tuntun yìí tẹ̀ lé e, apá mẹ́fà ló sì ní. Àwọn kan nínú wa fi òru ọjọ́ kan wò ó tán, wọ́n wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Wọ́n ti ba nǹkan jẹ́."

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí rí. Ẹni tó fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ á ní ìtàn ọkùnrin kan ṣoṣo ni, ó lọ tààrà, ó parí síbi tó yẹ kó parí sí. Ẹni tó fẹ́ràn ti kejì á ní ayé inú rẹ̀ fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé Basọ̀run Ògúnjìmí inú rẹ̀ mú òun rántí Basọ̀run Gáà tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Àwa gbà pé ọ̀rọ̀ ààfin gba ààyè jù nínú ti kejì. Èèyàn á máa wò ó, á sì máa bèèrè pé Sàró dà. Ìyẹn ò le, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn náà di ọjọ́ kẹta la wá rí i pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ya eré náà ló ń bí àwọn èèyàn wa nínú.

Ibi tá a ti ń jẹ àmàlà lọ́sàn-án ò jìnnà sí New Afrika Shrine. Ẹni tó bá mọ Àgídìngbì á mọ̀ pé òórùn kòkó ilé iṣẹ́ Cadbury ló máa ń gba afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ kí ìlù Shrine gbà á. Fẹlá ló kọ́kọ́ sọ orúkọ yẹn di ti gbogbo ayé: Aníkúlápó, ẹni tó fi ikú sínú àpò. Ó gbé Ransome sílẹ̀, ó mú èyí, ó sì kú ní 1997 bí gbogbo èèyàn ṣe ń kú. Ọ̀kan nínú wa máa ń ní àpò náà ló jò. Ibẹ̀ la wà, ọwọ́ wa nínú ọbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká rán ẹni tí kò tíì wò ó létí. Sàró, tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, jẹ́ ahunṣọ òfì tó wá jẹun n'Ílé Ọ̀yọ́. Ó fẹ́ Arólákẹ́, ayaba tó kéré jù láàfin, tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe. Àṣírí tú, wọ́n lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà wá jí i dìde, Arólákẹ́ sì gba àdó tó ní agbára yẹn lọ́wọ́ ẹyẹ. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn, Sàró di ẹni tó ń jí òkú. Ó lówó, ó láya, ó gbàgbé ẹni tó gba àdó fún un. Nígbà tó wá ní kí wọ́n fi ọmọ ọba fún òun kí òun tó jí àrẹ̀mọ, agbára ti bá Arólákẹ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì kú ikú ẹ̀tẹ́. Ẹni tó ṣe é ló jẹ ẹ́. A dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n, a lọ sùn.

Eré kejì ò jẹ́ ká sùn. Wọn ò gba Sàró wọlé lọ́run. Wọ́n ní kó padà wá sáyé, kó wá kó àwọn tó jí, torí wọn kì í ṣe tiẹ̀ láti jí.

Àwọn wo nìyẹn? Ọmọ tó kú, tí ìyá rẹ̀ fi orí gbá ògiri. Ọkùnrin kan wá pẹ̀lú àdó, ọmọ dìde, ó ní ebi ń pa òun. Ọmọ yẹn ò bẹ ẹnikẹ́ni, kò mọ ohun tí wọ́n san. Ó kàn ń gbé ayé rẹ̀ ni, ó ń dàgbà. Òun ni ọkùnrin kan náà tún padà wá fún. Ẹ wo bí èdè wa ṣe ń ṣe: ká jí òkú, ká jí ohun olóhun, jí kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ọ̀kan nínú wa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ díákónì dìde fún èyí. Ó ní ohun tí wọ́n jí, ó yẹ kó padà sọ́wọ́ olóhun, ẹnikẹ́ni tí ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ṣebí bó o bá ra fóònù nì Ọ̀tígbà, tí ọlọ́pàá sì wá sọ pé wọ́n jí i ni, o ò ní fóònù mọ́ nìyẹn.

Èyí tó jẹ gàárì ní àfiwé yẹn ò tọ́, fóònù ò ní ìyá.

Orí wa wá lọ sọ́dọ̀ Túndé Kèlání, nítorí òun náà ṣe fíìmù méjì tó tẹ̀ léra. Saworoidẹ ti 1999 parí nígbà tí ìlù dún, tí adé sì pa Làgàta tó gbé e wọ orí lọ́nà tí kò tọ́. Ẹnìkan ló ṣe é, ẹnìkan ló kú. Ṣùgbọ́n nínú Agogo Èèwọ̀ ti 2002, ọ̀rọ̀ kan àwọn ìjòyè Jógbo tí wọ́n ti ń bá gbogbo ọba jẹun. Fíìmù kejì yẹn náà ló gbé ẹjọ́ kúrò lórí ẹni tó mú agbára, tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó jẹ nínú rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó bínú, torí àwọn ìjòyè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n mọ owó ta ni, wọ́n mọ iye rẹ̀. Àwọn tí Sàró jí ò mọ nǹkan kan.

Ọ̀kan nínú wa ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tá a ti jókòó. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n tiẹ̀ rí i pé ó ń bọ̀?" Gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ, kì í ṣe Sàró.

Iṣẹ́ owó ni kóòdù wa ń ṣe. Tí ẹnìkan bá fi owó ránṣẹ́ sí yín láti báńkì, tó bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, àwa la máa kọ ọ́ sínú àkáǹtì yín. Ní òru kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nẹ́tíwọ̀kì já. Báńkì rán ìròyìn owó wá, kò gbọ́ ìdáhùn, ó tún un rán. Ó yẹ kí kóòdù wa wo nọ́ńbà ìròyìn náà, kó sọ pé mo ti rí èyí tẹ́lẹ̀. Kò wò ó. Àwa la kọ ọ́, àwa la gbàgbé. Ó lé ní igba èèyàn tí owó wọn di ìlọ́po méjì kí ẹnìkan tó pè wá lórí fóònù. Ẹni tó gba ogún ẹgbẹ̀rún náírà rí ogójì.

Kí la ṣe? A jí dìde, a tan kọ̀ǹpútà, a kọ ìlà kóòdù bí ogójì tó máa lọ sínú àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, tó máa mú ohun tó lé padà. Tí owó ibẹ̀ ò bá tó, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè, owó tó bá tún wọlé, kó gbà á. Aago mẹ́rin ìdájí la tẹ̀ ẹ́. Kó tó di aago márùn-ún, ìwé ti bára mu. Inú wa dùn gan-an. A ní ká lọ sùn díẹ̀ kí ọ̀gá tó dé.

Ìyá kan tó ń dín àkàrà l'Ógbà wà lára wọn. Owó èsúsú rẹ̀ ló ń retí, nígbà tó sì rí i pé ó lé, ó rò pé ẹni tó jẹ òun lówó ló san án. Ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn lórí omi. Láàárọ̀ kùtù, kí ìlà kóòdù wa tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti san án. Láti ọjọ́ yẹn, oníbàárà tó bá fi ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ránṣẹ́ fún àkàrà, kóòdù wa á gbé e mì. Kò rówó ra ẹ̀wà. Nígbà tó pe ẹni tó ń gba ìpè àwọn oníbàárà lọ́dọ̀ wa, kò bú u. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi ni?"

Ọkùnrin mìíràn náà wà níbẹ̀ o. Òun rí owó tó lé, ó mọ̀ pé kì í ṣe tòun, ó kó gbogbo rẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pa fóònù. Ìjòyè Jógbo gidi. Ohun tó ń dùn wá títí dòní ni pé kóòdù wa ò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìyá alákàrà nìkan ló tiẹ̀ rí mú.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ díákónì ní owó yẹn ṣáà ní olóhun, ìyá alákàrà kọ́. Òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ lowó náà jáde lápò rẹ̀, owó oṣù tiwa náà ń tibẹ̀ wá. A ò sọ pé kí owó má padà. Ṣùgbọ́n ta ni olóhun nínú ọ̀rọ̀ Sàró? Ikú. Kí sì ni ikú pàdánù? Ọmọ tí wọ́n jí yẹn, bó lo ọgọ́rin ọdún sí i, á ṣì kú. Kò sí ẹni tó jẹ ikú lówó tí kì í san án. Nínú ìtàn àkúdàáyà tí àwọn ìyá wa sọ fún wa, òkú kan á lọ gbé ní ìlú òkèèrè, á fẹ́ ìyàwó, á bímọ, á ṣòwò. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá rí i lọ́jà ló máa ń pòórá. Ẹnikẹ́ni kì í lọ wá a kiri. Ayé àti ọ̀run fara dà á títí dọjọ́ yẹn.

Nígbà náà, ta ló ń kánjú? Sàró ni. Òun ló ń wá ibi ìsinmi. Gbogbo ẹni tó bá dá padà, ẹrù tiẹ̀ ló ń fúyẹ́. A pè é ní ìrònúpìwàdà, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń san án. Nígbà tó ń jí wọn, ó ń fi wọ́n wá iyì. Nígbà tó ń kó wọn padà, ó ń fi wọ́n wá àlàáfíà. Ní ìgbà méjèèjì, kò sí èyí tó bi wọ́n léèrè. Ní tiwa, ẹ má jẹ́ ká parọ́, ẹ̀rù olówó kọ́ ló bà wá ní aago mẹ́rin ìdájí. A fẹ́ kí ìwé bára mu kí ọ̀gá tó dé. A fẹ́ kí ó dà bíi pé a ò ṣe é rárá. Ìyá alákàrà la fi nu àṣìṣe wa nù.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé àwọn tó ní eré kejì ò dára, inú ló ń bí wọn. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, èèyàn lè jókòó bí adájọ́, kó máa wo Sàró láti ọ̀ọ́kán. Èyí tó tẹ̀ lé e gbà wá níjókòó yẹn. Àbùkù tiẹ̀, lójú tiwa, ni pé kò dúró pẹ́ tó lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jí. Ó tètè padà sí ààfin, níbi tí a ti mọ ẹni burúkú. Àwa ì bá fẹ́ kí ẹnìkan nínú wọn jókòó ti Sàró, kó bi í ní ìbéèrè ìyá alákàrà.

Lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a ṣí kóòdù náà. A yọ ìlà tó ń sọ ọ́ di gbèsè. Ní báyìí, tí owó tó lé bá ti tán nínú àkáǹtì, kóòdù ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Á kọ orúkọ náà síbì kan kí èèyàn pe ẹni náà, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ sọ bí wọ́n ṣe máa san án, tàbí bí ilé iṣẹ́ ṣe máa dárí rẹ̀ jì í. Ọ̀gá kùn, ó ní ìyẹn á gba àkókò. Ó ń gbà á lóòótọ́. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, a ò sì tíì pe ẹnì kankan.